Nígbàtí Àmì Ohùn Bọ́ Lórí Lẹ́tà: Ẹ̀bi Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga, nítorí ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ fi kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n. Mo ti rò ó títí bóyá kí n pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n ìyá àwọn ọmọ mi wí pé àṣìṣe tí a bá sọ jáde lè gba ilé ẹlòmíràn là, àti pé èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ a máa tún padà wá. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálámù.

Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa ní Òmù-Àrán. Iṣẹ́ mi ni láti máa tẹ ètò ìsìn, ìkéde, àti ìwé ìsìnkú. Láti ọdún mélòó kan wá ni a ti ń kó gbogbo ìwé wọ̀nyí pamọ́ sí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá fẹ́ lò wọ́n, a ó fi ẹ̀rọ aṣàwákiri, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní bùráúsà, ṣí ojú ewé náà, lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Èyí kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ ní ìlú wa. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Landmark ti wà láàrin wa, kò sì sí àdúgbò tí a kò ti ní rí ọmọ tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ju bàbá rẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sùn nínú Olúwa. Òun ni ó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá mi. Ohunkóhun tí mo bá dà láyé, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. A fi ìsìnkú sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, mo sì fi oríkì rẹ̀ sí òkè pátápátá, nítorí oríkì náà ni gbogbo ilé fi ń pè é láti kékeré. Èmi kò ní kọ ọ́ síhìn-ín nítorí ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé lẹ́tà ẹ méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀, èkejì sì gbé àmì ohùn òkè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó láti tẹ ìwé 120. Nígbàtí mo ṣí ojú ewé náà, àyà mi já. Àwọn ìkéde tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà Yorùbá tí ó ní àmì lábẹ́, tí ó sì tún ní àmì ohùn lórí, ti dàrú. Àmì ohùn ti bọ́ kúrò lórí wọn. Àwọn kan rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àwọn mìíràn gun orí lẹ́tà tí ó tẹ̀lé wọn. Nígbàtí mo sì tẹ ẹyọ kan jáde láti wò ó, àpótí kékeré òfìfo ni ó dúró níbi tí àmì yẹ kí ó wà. Àwọn tí ó ti lọ sí Èsìé, tí kò jìnnà sí wa, láti wo àwọn ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, yóò rántí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí ti kúrò lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oríkì ìyá mi rí lójú mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Inú bí mi. Mo rántí pé ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 15, ti jókòó ti kọ̀ǹpútà náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Mo pè é.

Mo wí pé, "Kí ni o fi ọwọ́ kàn nínú ẹ̀rọ yìí lánàá?"

Ó dá mi lóhùn pé, "Bàbá, èmi kò fi ọwọ́ kan ohunkóhun ju iṣẹ́ mi lọ."

Mo pè é ní òpùrọ́ lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Mo tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí èmi kò ní tún sọ níhìn-ín, mo sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó káwọ́ sẹ́yìn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ ti gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán?" Èmi kò dá a lóhùn. Àwọn àgbà wa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ti èmi, ẹnìkan ṣoṣo náà pàápàá èmi kò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tí mo fi dá a.

Mo wá dá jókòó ti ẹ̀rọ náà. Mo tẹ ibi, mo tẹ ọ̀hún. Mo yí nǹkan bí márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn lẹ́tà náà tóbi bí ìkéde ojú títì, lẹ́yìn náà wọ́n kéré bí èèrà, síbẹ̀ àmì ohùn kò padà sí àyè rẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo tún tan án. Iná ìjọba lọ ní ọ̀sán, a tan jẹnẹrétọ̀. Ní agogo mẹ́ta, èmi kò tilẹ̀ mọ èyí tí ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí èmi fúnra mi bàjẹ́.

Nígbà náà ni ìyá àwọn ọmọ, láìbi mí, gbé àga kan wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì pe ọmọ náà kí ó wá jókòó. Ọmọ náà kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ títí tí mo fi mi orí sí i. Ó wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá gbogbo ohun tí ẹ yí padà sí ipò wọn. Lẹ́yìn náà, kí a máa dán ohun kan ṣoṣo wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa bá mi kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀." Èmi bàbá sì di akọ̀wé fún ọmọ mi.

Ó tẹ bọ́tìnì Ctrl àti òdo pọ̀, ìwọ̀n lẹ́tà sì padà sí bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìbéèrè, bí oníṣègùn ti ń bi aláìsàn.

Ìbéèrè kìíní: ṣé ojú ewé náà ni ó ń ṣàìsàn, tàbí kọ̀ǹpútà wa? Ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó ṣí ojú ewé kan náà níbẹ̀. Gbogbo lẹ́tà pé, oríkì náà sì dúró ṣánṣán. Mo mí kanlẹ̀, nítorí mo rí i pé ohun tí mo kọ kò sọnù.

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹ̀dà àtijọ́ ni bùráúsà ń fi hàn wá? Ó ṣàlàyé pé bùráúsà ní àká kan tí ó ń kó ẹ̀dà ojú ewé sí, kí ó má ba à máa lọ gbé wọn wá láti ọ̀nà jíjìn nígbà gbogbo; nígbà mìíràn, ohun àtijọ́ inú àká kì í bá ohun tuntun mu. Ó tẹ Ctrl, Shift àti R pọ̀, èyí tí ó mú kí bùráúsà lọ gbé gbogbo rẹ̀ wá lọ́tun. Kò sí ìyípadà.

Ìbéèrè kẹta: ṣé gbogbo kọ̀ǹpútà ni, tàbí bùráúsà yìí nìkan? Ó fi bùráúsà mìíràn tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan náà ṣí ojú ewé náà. Ó dára! A wá mọ̀ pé inú bùráúsà kan ṣoṣo ni àrùn náà fi ṣe ilé.

Ìbéèrè kẹrin: ṣé ọ̀kan nínú àwọn àfikún tí a so mọ́ bùráúsà náà ni ó ń dà á láàmú? Ó ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn àfikún kì í sábà ṣiṣẹ́. Àmì ohùn ṣì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn àfikún.

Ìbéèrè karùn-ún ni ó dé ọ̀dọ̀ mi: kí ni ó yí padà, nígbà wo sì ni? Ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń kọ àkọsílẹ̀ àtúnṣe sí. A rí i pé àtúnṣe tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́pídéètì, ti wọ bùráúsà wa ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́. Ọmọ náà kò sọ nǹkankan. Kò sì ní láti sọ ọ́, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé agogo mẹ́sàn-án ni ó ń sùn. Nígbà náà ni mo rántí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ń ka ìròhìn nígbàtí ìkìlọ̀ kan yọ lójú ẹ̀rọ. Èmi kò fi awò sójú. Mo kàn tẹ bọ́tìnì tí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó lè kúrò lọ́nà mi, mo sì ń ka ìròhìn mi lọ. Ọwọ́ tí mo ń wá kiri gbogbo ilé, ọwọ́ ara mi ni.

Ìbéèrè kẹfà ni ó parí rẹ̀. Ó lọ sí ibi ètò bùráúsà, níbi tí a ti ń yan fọ́ńtì, èyíinì ni àwòrán tí lẹ́tà ń wọ̀ bí aṣọ. Ojú ewé ìjọ wa kò yan fọ́ńtì tirẹ̀. Èyí tí olùkàwé bá ní ni ó ń lò. A rí orúkọ fọ́ńtì àtijọ́ kan tí èmi fúnra mi gbé sínú ẹ̀rọ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin mi àgbà ti fi èyí tí ó dára rọ́pò rẹ̀ kí ó tó lọ sí ilé ọkọ, ṣùgbọ́n àtúnṣe ọjọ́bọ̀ ti dá ètò náà padà sí ti ìgbà láéláé. Ọmọ mi yan fọ́ńtì tí wọ́n ń pè ní Noto Serif. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo àmì ohùn padà sí orí lẹ́tà tí ó ni wọ́n.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, èéṣe tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi dàrú? Ìdí rẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Láti ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ti ń tẹ ìwé àkójọ kan jáde, tí a ń pè ní Unicode, nínú èyí tí lẹ́tà gbogbo èdè ń gba nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ ní 7865, ọ ní 7885, ṣ sì ní 7779. Àní é tí àwọn ará Faransé ń kọ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, 233. Ṣùgbọ́n ẹ́ ti àwa Yorùbá kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. A ó kọ́kọ́ kọ 7865, kí a tó fi 769, tí í ṣe àmì ohùn òkè, tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ ni, 768 ni yóò tẹ̀lé e. Fọ́ńtì ni yóò gbé èkejì ka orí èkíní. Fọ́ńtì tí a kò kọ́ ní iṣẹ́ yìí yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ó gbé fìlà sí èjìká. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi lè yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé, tí yóò sì kùnà nínú tiwa.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí pé àmì kékeré lásán ni, kí ó rántí pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Kí ó sì ṣí Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12, kí ó rí bí àwọn ará Éfúráímù 42,000 ti kú ní ẹ̀bá Jọ́dánì nígbàtí a fi ọ̀rọ̀ Ṣíbólẹ́tì dán wọn wò, tí wọ́n sì ń pè é ní Síbólẹ́tì. Nínú ìwé Yorùbá, àmì abẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn bàbá wa mọ èyí. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde; ní ọdún 1875 àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ èdè wa; Bíbélì Yorùbá sì pé ní ọdún 1884. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yẹ kí bọ́tìnì tí a kò kà mú un kúrò lójú wa ní òru ọjọ́ kan.

Nítorí àwọn tí irú rẹ̀ lè bá, ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí mo kọ́ sílẹ̀, nítorí àmì àrùn kọ̀ọ̀kan ni ó ń tọ́ka sí ìdí tirẹ̀.

Bí ẹ bá rí àpótí òfìfo ní ipò lẹ́tà, fọ́ńtì tí ẹ̀rọ ń lò kò ní àwòrán lẹ́tà náà. Ẹ wá fọ́ńtì tí ó ní i. Láti inú ìfẹ́ pé kí irú àpótí bẹ́ẹ̀ má ṣe sí mọ́ ni Noto ti gba orúkọ rẹ̀.

Bí àmì ohùn bá kúrò lórí lẹ́tà, fọ́ńtì náà kò mọ bí a ti ń gbé e sí àyè rẹ̀. Oògùn kan náà ni.

Bí ẹ bá rí áº¹ níbi tí ẹ yẹ kí ó wà, fọ́ńtì kọ́ ni ẹ óò yí padà. Ọ̀nà tí a ń gbà kó nọ́ńbà pamọ́, tí a ń pè ní UTF-8, èyí tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992, pín ẹ sí apá mẹ́ta. Bí bùráúsà kò bá mọ̀, yóò ka apá kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó ni ojú ewé náà, kí ó sọ ọ́ di mímọ̀ nínú rẹ̀ pé UTF-8 ni ó lò.

Bí ó bá ṣe pé ojú ewé náà lápapọ̀ ni ó túká, tí àwòrán gun orí ọ̀rọ̀, ẹ wo ìwọ̀n lẹ́tà, ẹ tún gbé e wá lọ́tun, lẹ́yìn náà kí ẹ dá àwọn àfikún dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ọ̀rọ̀ mi kọ àtúnṣe tuntun sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ fi awò sójú kí ẹ kà á, ẹ kọ ètò tí ẹ ní sílẹ̀, kí ẹ má sì gbà á wọlé ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ pàtàkì yóò mọ́.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ilé mi. Ní àdúrà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, kí a tó kọ orin, mo dìde lójú ìyá wọn àti gbogbo àwọn ọmọ, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ojú wọn ni mo ti bú ọmọ náà. Mo wí pé, "Èmi ni mo tẹ bọ́tìnì náà. Arákùnrin yín kò purọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó wí pé, "Ó ti tán, Bàbá." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi ni ẹkún gbọ̀n.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò olóògbé, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gba ìwé rẹ̀ nínú ìjọ. Ó fi awò sójú, ó fi ìka tọ oríkì náà, ó sì pè é jáde pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí ó pé pérépéré, bí wọ́n ti ń pè é ní àgbàlá ilé wa láti ìgbà èwe wọn. Gbogbo obìnrin ilé dáhùn. Mo wẹ̀yìn wo ọmọ mi lórí ìjókòó àwọn akọrin; ó tẹ orí ba.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìsìnkú náà, ọmọ náà kò jẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà bí kò bá kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀ wá kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí yóò ṣe. Lẹ́tà ti padà sí ipò ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn ọmọ kò yára bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo fi ara mi jókòó tì í, mo ní kí ó kọ́ mi bí a ti ń kọ àmì ohùn lórí ẹ, nítorí ní òtítọ́ èmi kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni ó ti tún ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, nígbàtí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, ẹ dán ohun kan wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ ara yín. Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́ kí ẹnu tó sọ. Àmín.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ kan, Òmù-Àrán.